Wákàtí Tó Wà Láàárín Abúlé Wa àti Ìlọrin

Ní Gáréèjì Ọ̀fà nílùú Ìlọrin, bí ọkọ̀ kò bá tíì kún, ẹnu kì í dákẹ́. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń kó èrò láti ibẹ̀ lọ sí Òmù-Àrán àti àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Òkè-Onígbìn, níbi tí wọ́n bí mi sí. Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn lórí ìjọba, mo ti gbọ́ ti bọ́ọ̀lù, mo ti gbọ́ ti ọkọ àti ìyàwó. Èyí tí kì í tán nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn tó gbà pé ará oko ń pẹ́ láyé ju ará ìgboro lọ. "Ẹ wo iṣu tí wọ́n ń jẹ, láti inú ebè sínú ìkòkò ni. Ẹ wo atẹ́gùn tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ wo bàbá yẹn, ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ṣì ń gbé ọkọ́." Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi náà fi wà lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo ti di sítíárìn mú ni n óò máa dá sí i, n óò ní bàbá tó bí mi ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, kò sì gba abẹ́rẹ́ rí.

N kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí lẹ ní òbí àti ẹbí lábúlé, tí ẹ sì ń sọ fún ara yín pé ara wọn le níbẹ̀, bí èmi náà ti máa ń sọ ọ́.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, lásìkò òjò, mo sùn sílé lábúlé nítorí iṣu tí mo fẹ́ kó láàárọ̀. Òru ti jìn dáadáa nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Àbúrò bàbá mi ni, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré. Ó ní, "Málọmọ́, dìde. Ìyàwó ọmọ mi ni o. Ó ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ ni kò dá."

Nígbà tí mo gbé mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ti fi aṣọ mẹ́ta dì í, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti rin. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ tuntun mọ́ra. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà lábúlé wa, ọ̀dà rẹ̀ ń dán nígbà yẹn. Àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó o, ìlú mìíràn ló ń gbé, àárọ̀ ló ń wá, ọ̀sán ló ń lọ. N kò dá a lẹ́bi nígbà yẹn, n kò sì dá a lẹ́bi títí dòní. Kò sí yàrá kan tí wọ́n fún un láti sùn, kò sí iná, omi odò ni ì bá máa mu. Ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀?

Kìlómítà mọ́kànlá ni láti ilé wa dé títì ọlọ́dà. Ó gbà wá ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Òjò ti gbẹ́ ọ̀nà náà débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè wà á lóru. Nígbà tí a dé ibi odò, táyà rì, àwa ọkùnrin mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, a ń tì í. Ó ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ó béèrè ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé, ọmọ ń kọ́, ṣé ó ti sunkún? Mo gbọ́ ọ látìta, tí mo fi èjìká ti ọkọ̀.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé lójú títì gbà wá dáadáa. Wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọn ì bá fà sí i ni kò sí, dókítà kò sì sí níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Wọ́n kọ ìwé fún wa pé kí a máa gbé e lọ sí Ìlọrin.

Láti Òmù-Àrán dé Ìlọrin lé ní 80 kìlómítà. Mo mọ ọ̀nà náà bí mo ti mọ yàrá mi. Mo mọ ibi tí kòtò wà ṣáájú Òrò, mo mọ ibi tí agbo màlúù máa ń sùn sí lẹ́bàá Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo sáré lọ́jọ́ náà bí n kò ti sáré rí, n kò sì ní sáré bẹ́ẹ̀ mọ́. A ti ń sún mọ́ Ìdọ̀fìàn nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kan èjìká mi láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ rọra. Ẹ má sáré mọ́." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, nítorí mo ti wà nílé kí wọ́n tó gbé e wọlé. Mo rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo pa iná mọ́tò. Ọmọ náà nìkan ló ń sunkún.

Obìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlélógún ni. Kò ṣàìsàn kankan. Iṣu tí kò ní kẹ́míkà yẹn lòun náà ń jẹ, atẹ́gùn yẹn lòun náà ń fẹ́.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn tí àbúrò ìyàwó mi bímọ ní Gáà-Akanbí ní Ìlọrin. Irú ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀, òru ni bí ti èkíní. Ọkọ rẹ̀ gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Maruwa aládùúgbò, ó di ilé ìwòsàn láàárín ìṣẹ́jú méjìlá. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ń fọwọ́ ra ikùn rẹ̀ kí ilé ọmọ lè sún kì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àpò méjì sí i. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń jẹ àmàlà. Mo jáde síta, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sunkún. Ìyàwó mi rò pé ayọ̀ ni.

Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lásìkò náà. Òun ló jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ kan tó sì là á yé mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáká láàárín wákàtí méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò lórí tábìlì: ìgbà tí wọ́n fi ń wá mi kiri, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ìgbà tí a fi dúró de ìwé, ìrìn àjò dé Ìdọ̀fìàn. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Ọmọ mi gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Dádì, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pẹ́. Ọ̀nà ló jìn."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi í ní ìbéèrè, kò sì sú u láti dáhùn. Ó ní lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí lọ káàkiri gbogbo Nàìjíríà, wọ́n ń wọ ilé dé ilé, wọ́n ń bi àwọn ìyá léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó kù. Nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí ní ìgboro, 92 ló kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nínú 1,000 tí wọ́n bí ní ìgbèríko, 157 ni. Ó ní nínú 100 ọmọ tí wọ́n bí ní ìgboro, nǹkan bí 61 ló jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni ìyá wọn ti bí wọn. Ní ìgbèríko, 26. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Mo wá bá a mú ọ̀rọ̀ bàbá mi jáde, nítorí òun ni ẹ̀rí tí mo ní. Mo ní bí oko bá burú tó báyìí, báwo ni bàbá mi ṣe wá lé lọ́gọ́rùn-ún? Ó bi mí pé ta ló kọ ọjọ́ tí wọ́n bí i sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Nígbà tí mo padà délé, mo jókòó ti bàbá, mo ń fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀rọ̀. Lásìkò Ogun Hítílà, ó ní ọmọdé lòun, òun ń da ewúrẹ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí nígbà tí òmìnira kù díẹ̀, kò sì tíì gbé ìyàwó. Lọ́dún 1972, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ó ti ní ọmọ mẹ́ta láyé. Mo ṣírò rẹ̀ síwájú, mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn, kò ju ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún lọ. Ọdún tó pọ̀ ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Àwa la fi ogún ọdún lé e, ìfẹ́ ló sì mú wa ṣe é. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún tó wà ní agbègbè wa, bí ọ̀rọ̀ tiwọn náà ti rí nìyẹn.

Ohun kejì tí ọmọ mi sọ ló wá là mí lójú jù. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò pé ọmọ Nàìjíríà kì í lò ju nǹkan bí ọdún 54 láyé, nígbà tí ti gbogbo àgbáyé jẹ́ nǹkan bí 73. Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ ọ. Mo ní irọ́ ni, àwọn tó lé lọ́gọ́ta pọ̀ nínú ọkọ̀ mi lójoojúmọ́. Ó ní kò túmọ̀ sí pé ẹni tó bá pé 54 ni yóò kú. Ó ní, "Ká ní ìyá kan bí ọmọ méjì. Ọ̀kan kú ní ọmọ ọdún kan, èkejì gbó títí ó fi pé ọdún 85. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ pín in sí méjì." Mo rò ó. 43 ló jáde. Kò sì sí ẹni tó kú ní ọmọ ọdún 43 nínú wọn.

Mo dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, nítorí ilé wa gan-an ló ṣàpèjúwe yẹn láìmọ̀. Ìyá mi bí mẹ́sàn-án. Àwa márùn-ún la dàgbà. Orúkọ mi, Málọmọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó ń sọ. Àwọn méjì ti lọ kí n tó dé, wọ́n wá ń bẹ̀ mí kí n má lọ mọ́. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí mi lára, àpá rẹ̀ wà ní àyà mi títí dòní. Àbíkú ni wọ́n pè wá. Bàbá mi pé ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, gbogbo ìlú ń tọ́ka sí i, wọ́n ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀mí gígùn. Àwọn ọmọ mẹ́rin tó bí, tó fọwọ́ ara rẹ̀ sin lẹ́yìn ilé ìdáná, kò sẹ́ni tó tọ́ka sí wọn. Èyí ni ohun tí a kì í rí nígbà tí a bá ń ṣe àríyànjiyàn ní gáréèjì: ẹni tó ṣẹ́kù nìkan là ń kà.

Nínú àwọn mẹ́rin náà, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti sọ ọ́, gìrì ló mú méjì. Gìrì yẹn, ibà ẹ̀fọn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lára ọmọ kékeré. Ìgbẹ́ gbuuru ló pa ọ̀kan, omi ara rẹ̀ gbẹ tán. Omi tó mọ́, lítà kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, ìyẹn ì bá dá a dúró títí wọn yóò fi rí ìtọ́jú. Ìyá mi ní iyọ̀ nílé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń yin ìgboro. Lọ́dún 2017, ó kù díẹ̀ kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àrùn onígbáméjì wọ Ìlọrin. Àdúgbò tí à ń gbé nígbà náà, ilé kún ara wọn, kànga àti ṣáláńgá kò jìnnà síra, bí òjò bá ti rọ̀, ohun tó wà nínú èyí ń ṣàn wọ inú tọ̀hún. Ọmọ mi tó kéré jù kó o. Láti àárọ̀ di ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti wọnú, awọ ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò bí a bá fà á. A gbé e dé ibi ìtọ́jú kí ọ̀sán ọjọ́ náà tó pọ́n tán, wọ́n so omi mọ́ ọn, lọ́jọ́ kejì ó béèrè bọ́rẹ́dì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún títí di òpin oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn tí wọ́n fura sí pé àrùn náà mú ní ìpínlẹ̀ Kwara jẹ́ 1,558. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ìlọrin ló ní jù. Àwọn tó kú jẹ́ 11.

Ọmọ ènìyàn ni mọ́kànlá, n kò fọwọ́ rọ́ wọn tì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: omi ìgboro burú, ìdọ̀tí ìgboro pọ̀, àrùn sì tàn ká bí iná inú ọyẹ́. Ohun tí kò jẹ́ kó di òkú rẹpẹtẹ ni pé ibi ìtọ́jú wà nítòsí. Ká ní lẹ́yìn odò tiwa lọ́hùn-ún ni, nínú oṣù kẹfà, tí táyà ń rì, ọmọ mi kò ní béèrè bọ́rẹ́dì.

Ọmọ mi tún kà fún mi nípa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ó sì yà mí lẹ́nu. Lọ́dún 1842, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edwin Chadwick gbé ìwé ìwádìí jáde. Ní Manchester, ìlú ilé iṣẹ́ aṣọ, àwọn ọmọ lébìrà àti ìdílé wọn, bí a bá pín ọdún tí wọ́n ń lò láyé dọ́gba, 17 ni. Ní Rutland, tó jẹ́ ìgbèríko, àwọn lébìrà ibẹ̀ ń lo 38. Nígbà yẹn, òótọ́ ni pé ará oko ń pẹ́ ju ará ìgboro lọ, ó tilẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì! Omi ẹ̀rọ, gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wá yí i padà. Ìgboro gba nǹkan wọ̀nyí, oko dúró síbi tó wà. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, láàárín 1969 sí 1971, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú ńlá àti ìgbèríko kò tó ìdajì ọdún. Nígbà tó fi máa di 2005 sí 2009, ará ìlú ńlá ti ń fi nǹkan bí ọdún méjì pẹ́ jù wọ́n lọ. Bí àlàfo bá lè máa fẹ̀ sí i ní orílẹ̀-èdè tó ní ọ̀nà tó dán, kí ni ká retí lọ́dọ̀ tiwa?

Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ohun tó ń pa ará oko ṣeé mú kúrò, nítorí mo ti rí ọ̀kan tó kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí sòbìà, aràn gígùn tó máa ń yọ láti ara ènìyàn. Ẹ rántí bí ó ti máa ń yọ lẹ́sẹ̀ àwọn bàbá wa ní àkókò tí iṣẹ́ oko ń lọ lọ́wọ́, tí wọ́n á jókòó sórí ẹní, tí wọ́n á máa fi igi wẹ́wẹ́ ká a díẹ̀díẹ̀. Omi adágún ló ń ti wá. Wọ́n pín aṣọ ìsẹ́mi fún àwọn ìyá wa, wọ́n gbẹ́ kànga ìgbàlódé, wọ́n ń tọ àwọn abúlé lọ lẹ́yọ lẹ́yọ. Lọ́dún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní i ní Nàìjíríà, lọ́dún 2013 àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán. Àwọn ọmọ mi kò mọ ohun tí sòbìà jẹ́. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n rò pé ìtàn àlọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ikú kì í ṣe ti ọmọdé àti aboyún nìkan. Ọkùnrin alágbára ni, a kì í bá a kọ ebè. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta nígbà tó ṣubú sí àárín ebè, ẹnu rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò gbé mọ́. Wọ́n ní ayé ni. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, wọ́n gbé e lọ sí òkè àdúrà. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n tó pè mí. Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lé ní igba. Dókítà béèrè ìgbà tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn. A wo ara wa lójú. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó lo ọdún méjì lórí ẹní kí ó tó kú. Àwọn ará abúlé ṣì ń sọ títí dòní pé ọ̀tá ló ta á lọ́fà, n kò sì bá wọn jà mọ́. Mo kàn ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kiri.

Nítorí ohun kan wà tí mo mọ̀ báyìí tí ì bá ti wúlò fún ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà ní agbègbè Afọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Asa, wọ́n sì wọn ti àwọn ará Àjàṣẹ́-Ìpo. Ní Afọ́n, wọ́n mú ètò adójútòfò ìlera wá, ẹni tó bá san owó táṣẹ́rẹ́ lọ́dún yóò gba ìtọ́jú, wọ́n sì tún ilé ìwòsàn wọn ṣe. Ní Àjàṣẹ́, ètò náà kò sí. Wọ́n padà wá lọ́dún 2011, wọ́n tún wọ̀n. Lára àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Afọ́n, nọ́ńbà ti òkè nínú méjì tí ẹ̀rọ náà máa ń gbé jáde ti fi nǹkan bí 10 wálẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, nǹkan bí 5. Àjàṣẹ́ tí mò ń kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́! Oko ni Afọ́n. Iṣu ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn. Kò sẹ́ni tó kó wọn wá sí ìgboro kí ara wọn tó yá. Ìtọ́jú ni wọ́n gbé tọ̀ wọ́n lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà mọ́ bí ẹnìkan bá ní oko ló ń pa ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí n kò ti gbà pé oko ló ń dá ẹ̀mí sí. Wákàtí tó wà láàárín ènìyàn àti ẹni tó lè wò ó sàn, òun ni kí ẹ bá mi wò.

Lábúlé tiwa, a ti gbìyànjú díẹ̀. Baálé yọ̀ǹda yàrá méjì nínú ilé rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Ìlọrin àti Èkó dá owó omi àti ti iná oòrùn jọ, nọ́ọ̀sì sì ń sùn níbẹ̀ ní òru mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀. Àwọn obìnrin dá àjọ kan sílẹ̀, aboyún tó bá wọ oṣù kẹjọ, owó ọkọ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Nọ́ńbà fóònù mi àti ti awakọ̀ méjì mìíràn wà lára ògiri ilé ìwòsàn náà, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́. Bí mo bá ń sùn lábúlé, epo inú táǹkì mi kì í dín sí ìdajì. Ọ̀nà náà ṣì burú. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé agbára wa kò tó ọ̀nà.

Ọmọ tó sunkún nínú ọkọ̀ mi lóru ọjọ́ yẹn ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí mo bá ń kọjá, ó máa ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló máa ń jókòó. Ó fẹ́ràn kó máa ka orúkọ àwọn ìlú sókè láti ara pátákó ojú ọ̀nà.

Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí fẹ́ kọ 105 sára pátákó ìsìnkú. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà kí a má kọ nọ́ńbà kankan. Lẹ́yìn tí àlejò ti lọ, mo ra ìwé ńlá kan ní Òmù-Àrán, mo jókòó ti ìyá mi, mo ní kó máa ka àwọn ọmọ tó bí fún mi, gbogbo wọn, kí n kọ wọ́n sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ tú ohun tí wọ́n ti sin jáde. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ orúkọ àkọ́bí àti oríkì rẹ̀, ó ní bí ó bá ti rẹ́rìn-ín, èékánná rẹ̀ lá máa wọ ẹnu. Ó sọ ti èkejì, tó kú nígbà tí wọ́n ń wa iṣu tuntun. Ó sọ ti èyí tó tẹ̀ lé mi, Kòkúmọ́, tí ìgbẹ́ gbuuru mú. Nígbà tó kan ẹni kẹrin, ó dákẹ́. Ó ní ìyẹn kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ, wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Mo fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìwé náà, mo sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: ìkeje.